Isabgol tí wọ́n ń pè ní psyllium: bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ní Índíà, àti ohun tí èèpo rẹ̀ ń ṣe nínú ikùn

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ mú páálí kékeré kan wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ "psyllium blond" sára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rà á ní fáámásí kan ní Kútọnu fún ìyá wọn, tí ìgbẹ́ máa ń há mọ́ nínú. Níbi tí wọ́n ti kọ ohun tó wà nínú páálí náà, wọ́n ní ara "plantain" ló ti wá. Ọmọ náà wá béèrè lọ́wọ́ wa pé, "Ọ̀gá, ṣé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n lọ̀ báyìí?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́, torí ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé ìyá òun ti da síbí kan lé ahọ́n, ó fi omi ẹnu kan ṣoṣo lé e, ó sì há a lọ́fun débi pé wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ara ìyá ti yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a rí i pé ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní kíkọ, torí àwọn tó ń ra nǹkan yìí ń pọ̀ sí i láàárín wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ irú nǹkan tó jẹ́.

Irú ewéko wo ni?

Ẹ má dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́bi. Èdè Faransé ló fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan méjì tí kò bára tan rárá. Plantain kan ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a ń dín ní àlókò. Plantain kejì ni àwọn ewéko kékeré tó ń hù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Plantago. Irú wọn pọ̀ káàkiri ayé, àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé koríko ẹ̀bá ọ̀nà lásán ni wọ́n. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni Plantago ovata. Kò ga ju orúnkún lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 ni. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn, ìdí ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń yọ, bí ìgbà tí koríko bá di ìdì kan. Láàárín ewé yẹn ni àwọn igi òdòdó kéékèèké ti máa ń yọrí sókè, tí orí wọn dà bí ṣírí ọkà bàbà tí kò sanra.

Inú ṣírí yẹn ni èso wà. Èso kọ̀ọ̀kan dà bí ìkòkò kékeré tó ní ọmọrí. Bó bá gbó, ọmọrí á ṣí, irúgbìn á sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọrí yìí sọ́kàn, torí òun ló ń mú kí àgbẹ̀ máa sùn tí ojú rẹ̀ kò ní í padé.

Irúgbìn náà kéré gan-an. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ kì í tó gráàmù méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí a ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ: bí ẹgbẹ̀rún kan ò bá tó gráàmù méjì, kílò kan á ju 500,000 irúgbìn lọ nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó ṣú díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jin inú bí ọkọ̀ ojú omi. Ìrísí yìí ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará Pẹ́ṣíà ní ó dà bí etí ẹṣin: "asp" ni ẹṣin lédè wọn, "ghol" sì ni etí. Àwọn ará Índíà gba orúkọ yẹn, ó sì di isabgol lẹ́nu wọn, òun náà ni àwọn Faransé ń kọ ní ispaghul. Àwọn Gíríìkì ní tiwọn wo irúgbìn àwọn ìbátan rẹ̀ tó dúdú, wọ́n ní ó jọ kòkòrò kékeré tó máa ń fò lára ajá, èyí tí Faransé ń pè ní puce. "Psylla" ni wọ́n ń pe kòkòrò yẹn, ibẹ̀ ni psyllium ti wá. Nínú àwọn ìwé ìṣègùn èdè Lárúbáwá àtijọ́ náà, ẹ ó bá a pàdé, bizr qatuna ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ní ti ìran rẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ló ti wá, láti etí òkun Mẹditaréníà títí wọ ìwọ̀-oòrùn Éṣíà dé Índíà. Èyí ló jẹ́ kí èèpo irúgbìn rẹ̀ rí bó ṣe rí. Ní aṣálẹ̀, òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó má rọ̀ mọ́. Irúgbìn tó bá lè di omi díẹ̀ mú mọ́ra, tó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ, òun ni yóò rí àyè hù. Ọgbọ́n tí irúgbìn ń dá fún ara rẹ̀ ni àwa èèyàn sọ di oògùn.

Oko isabgol ní Índíà

Púpọ̀ jù lọ nínú isabgol tí ayé ń rà, Índíà ló ti ń wá. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló sì gbajúmọ̀ jù fún un: Gujarat, Rajasthan àti Madhya Pradesh. Ní Gujarat, apá àríwá ni, ní agbègbè Mehsana, Patan àti Banaskantha. Ní Rajasthan, ìhà aṣálẹ̀ ni, bí Jalore àti Barmer. Ọjà ńlá kan wà ní ìlú Unjha ní Gujarat tó jẹ́ pé isabgol àti kúmínì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, òmíràn sì wà ní Neemuch ní Madhya Pradesh. Àwọn ọlọ tó ń bó èèpo rẹ̀, Unjha àti Sidhpur tó wà nítòsí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Ìgbà òtútù ni wọ́n ń gbìn ín. Òjò Índíà máa ń parí ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, àgbẹ̀ á ro ilẹ̀, á sì fúnrúgbìn láti ìparí oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá, nígbà mìíràn títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Ẹni tó bá pẹ́ jù, ooru á ká irè rẹ̀ mọ́ orí ìdúró. Ilẹ̀ tó dára fún un ni ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró lé lórí. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ kò bá a lára mu. Kò sì fẹ́ ajílẹ̀ tó pọ̀ rárá. Bí wọ́n bá fún un jù, ewé ni yóò máa kó jọ.

Kílò mẹ́rin sí mẹ́jọ irúgbìn ti tó fún hẹ́kítà kan. Nítorí pé ó kéré, wọn kì í fi ọkọ́ gbẹ́ ihò fún un. Wọ́n á kọ́kọ́ pò ó mọ́ yanrìn kí ọwọ́ lè rí i fọ́n dọ́gba, wọ́n á fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á mú ìgbálẹ̀ gbá orí ilẹ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbálẹ̀! Apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá a sí, kí erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lè bò ó mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá gbá a lọ gbá a bọ̀, irúgbìn á wọlẹ̀ jù, kò sì ní í lè yọrí. A fẹ́ràn ibi ìgbálẹ̀ yìí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí bí a ti sọ ọ́ ní kíláàsì ni gbogbo wọn rí i lójú inú wọn.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á jẹ́ kí omi ṣàn wọ oko, jẹ́jẹ́ ni ṣá o, kó má baà gbá irúgbìn jọ sí igun kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti hù. Wọ́n á ro koríko rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìfúnrúgbìn, wọ́n á tún un ro lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó tó pé oṣù méjì. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, iṣẹ́ àwọn obìnrin ni ní ọ̀pọ̀ oko. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́, ó ti ń yọ òdòdó. Wọ́n á bu omi fún un bí ilẹ̀ bá ṣe ń béèrè, èyí tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìgbà tí ṣírí ń gbó bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti omi pa.

Àrùn tó ń dà á láàmú jù ni èbu kan tó ń hù sábẹ́ ewé, tí àwọn Faransé ń pè ní mildiou. Àsìkò tí ṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ló máa ń dé, pàápàá bí ojú ọ̀run bá ṣú tí afẹ́fẹ́ sì tutù rinrin. Kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara ewé náà wà. Kò tó mẹ́nu bà jù báyìí lọ.

Ohun tó tó mẹ́nu bà ni òjò. Ọjọ́ 110 sí 130 ni isabgol ń lò lóko, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbàdo tó ń pẹ́. Ìkórè rẹ̀ á bọ́ sí oṣù kejì, oṣù kẹta, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ewé ìsàlẹ̀ á ti pọ́n, ṣírí á ti di àwọ̀ ilẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, irúgbìn á máa bọ́ sílẹ̀. Ibí yìí ni ọmọrí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wọlé. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ kan péré ní àsìkò yìí, ọmọrí á ṣí, irúgbìn á dà sílẹ̀, èyí tí kò bá dà sílẹ̀ á fa omi mu, á lẹ̀ mọ́ra wọn, ó di nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò lè tà. Kódà ìrì tó pọ̀ jù lè ṣe é lọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Nítorí náà, bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá rọ̀ ní Rajasthan ní oṣù kẹta, ọjọ́ kejì ni owó isabgol ti ń gbéra ní Unjha. Àwọn àgbẹ̀ wa tó ń sá àgbàdo tàbí gàrí sóòrùn, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run láìfọhùn, mọ ohun tí a ń sọ.

Wọ́n á dúró kí ìrì àárọ̀ gbẹ, wọ́n á gé e láti ìdí, wọ́n á dì í ní ìdì ìdì lọ sí ibi ìpakà. Tó bá ti gbẹ dáadáa, tírákítọ̀ tàbí màlúù á máa gorí rẹ̀ lọ gorí rẹ̀ bọ̀, wọ́n á sì fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù. Hẹ́kítà kan tó ṣe dáadáa lè mú bíi kílò 800 sí 1,000 wá.

Láti irúgbìn dé èèpo

Kì í ṣe irúgbìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu. Èèpo tó bò ó lára ni, èèpo tó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja kéékèèké, tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọlọ á rọra fọ irúgbìn láàárín pátákó méjì tó ń yí, kì í ṣe láti lọ̀ ọ́ kúnná o, kí èèpo lè ṣí kúrò lára rẹ̀ lásán ni. Wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, wọ́n á tún dá a padà sínú ọlọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin irúgbìn ni èèpo, ìyẹn bíi 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kílò 1,000 irúgbìn á fún wa ní nǹkan bíi kílò 250 èèpo. Wọ́n ń fi bó ṣe mọ́ sí tà á: èyí tó mọ́ dé 85 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó dé 95, títí dé 99, owó wọn ò sì dọ́gba. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn èèpo kì í ṣòfò. Ó di oúnjẹ màlúù, bí àwa náà ṣe ń fi èérí ògì bọ́ ẹlẹ́dẹ̀.

Ìdí tó fi ń fà

Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ ilá tàbí ewédú rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tó ń mú kí ilá fà, tó ń mú kí àpọ̀n yọ̀, tó sì ń mú ewé osè ki nínú ọbẹ̀, irú rẹ̀ ló wà nínú èèpo isabgol. Ṣúgà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó dùn lẹ́nu. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni, tí ẹyọ ṣúgà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní xylose àti arabinose so kọ́ra wọn. Ikùn wa kò ní ohun èlò tó lè já ẹ̀wọ̀n yìí, nítorí náà kò di oúnjẹ fún ara. Fibre ni àwọn dókítà ń pè é. Ó wà lẹ́gbẹ́ kan náà pẹ̀lú èérí ọkà àti èèpo ẹ̀wà, ṣùgbọ́n èérí ọkà kì í yọ́ nínú omi, èèpo isabgol ní tirẹ̀ ń fa omi mọ́ra títí á fi di ògì.

A dán an wò níwájú àwọn ọmọ. A da síbí kékeré kan sínú ife omi, a rò ó pọ̀, a sì ń bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ife náà ti dì débi pé nígbà tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ńṣe ló ń yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ìwé òfin oògùn ilẹ̀ Yúróòpù tiẹ̀ fi òṣùwọ̀n sí i: gráàmù kan èèpo yìí gbọ́dọ̀ lè wú tó mílílítà 40, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbà pé ó dára. Irúgbìn lódindi kò ju mílílítà mẹ́sàn-án lọ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ife yẹn dáadáa, kí wọ́n wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ inú ọ̀fun èèyàn ló ti rí omi wú.

Ohun tí wọ́n ń lò ó fún

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti ìgbẹ́ tó há. Èèpo yìí á di omi mú wọ inú ìfun ńlá, á sọ ìgbẹ́ di rírọ̀, á sì mú kó tóbi tó láti ta ìfun jí. Kì í ṣe oògùn tó ń fún inú lọ́rùn bí àwọn ewé kíkorò kan tí à ń sè mu. Kò sì yára. Wákàtí 12 sí 24 ni yóò lò, nígbà mìíràn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó tó hàn. Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé wọ́n tún ń lò ó fún inú tó ń ṣí gbuuru. Kò sí àdììtú níbẹ̀: omi tó pọ̀ jù nínú ìfun ló ń fà mọ́ra. Fún àwọn tó ní jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí aláboyún tí ìgbẹ́ ń dùn, rírọ̀ tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ yìí ni wọ́n ń wá. Ó sì ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ fibre mìíràn kò ní: àwọn kòkòrò inú ìfun kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un kan, torí náà kì í fi afẹ́fẹ́ kún inú bíi ti ẹ̀wà.

Iṣẹ́ kejì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe òróòro, èyí tó ń lọ sínú ìfun láti ran oúnjẹ ọlọ́ràá lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú òróòro yẹn máa ń padà sínú ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n bí ògì isabgol bá wà nínú ìfun, á mú lára òróòro yẹn jáde pẹ̀lú ìgbẹ́, ẹ̀dọ̀ á sì ní láti fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mìíràn látinú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe tuntun. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú, LDL, máa ń lọ sílẹ̀ bíi márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pọ̀, ẹni tí dókítà bá ti kọ oògùn fún kò gbọdọ̀ fi èyí rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Láti 1998 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára oúnjẹ pé gráàmù méje fibre rẹ̀ tó ń yọ́ lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ ò pọ̀, lè dín ewu àrùn ọkàn kù. Ní ti àtọ̀gbẹ, bí èèyàn bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, ṣúgà kì í yára wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ jù.

Ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á jù lọ, Metamucil ni orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀, 1934 ló sì ti jáde. Àwọn tí ara wọn ò gba búrẹ́dì àlìkámà ń fi èèpo yìí sí ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti àgbàdo, kí búrẹ́dì wọn lè di ara rẹ̀ mú kó má fọ́ túká. Wọ́n ń fi í sínú áísíkírímù kó lè ki. Kódà àwọn tó ń gbin koríko sí ẹ̀gbẹ́ òkè níbi tí wọ́n ti ṣe títì ọkọ̀ máa ń pò ó mọ́ irúgbìn koríko, wọ́n á fi ẹ̀rọ tú u sórí ilẹ̀, kó lẹ irúgbìn mọ́lẹ̀ kí òjò má wọ́ ọ lọ. Ẹ rántí pé iṣẹ́ tó ń ṣe fún ara rẹ̀ ní aṣálẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àwọn tó ń tà á lórí fóònù pé ó ń mú ikùn wọlé, pé èèyàn á fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má dá wọn lóhùn. Ó lè mú kí inú tètè kún, ó tán.

Ewu rẹ̀, àti bó ṣe yẹ ká mu ún

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe tuntun. Láti 1993 ni FDA ti pàṣẹ pé kí gbogbo oògùn tó bá ní irú nǹkan yìí gbé ìkìlọ̀ sára pé ó lè há lọ́fun, kó sì pa èèyàn bí omi ò bá tó. Ní 2007, wọ́n tún sọ pé èyí tí wọ́n ṣe ní hóró hóró kò láàbò, torí àwọn tó ti dí lọ́nà ọ̀fun. Ní Benin níbí, àwọn tó ń tà á ní wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá nínú ọjà kì í fi ìwé ìkìlọ̀ kankan sí i. Èyí ló ń dùn wá.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́: ẹ má da á lé ahọ́n gbígbẹ láé. Inú omi ni kí ẹ dà á sí, ife ńlá tó gba mílílítà 240, ó kéré tán, fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó, ẹ mu ún kíá kó tó dì, ẹ tún fi omi mìíràn lé e. Àgbàlagbà tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú lè mu gráàmù méje sí mọ́kànlá lójúmọ́, kó pín in sí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Síbí ìjẹun kan èèpo tí wọn ò lọ̀ jẹ́ bíi gráàmù márùn-ún. Díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má mu ún lórí ìdùbúlẹ̀ tàbí nígbà tí ẹ bá ń lọ sùn. Bí ẹ bá ní oògùn mìíràn láti lò, ẹ jẹ́ kí wákàtí kan tàbí méjì wà láàárín wọn, torí ògì yìí lè gbé oògùn yẹn mì kó má jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n mu ún láìrí dókítà: ẹni tí oúnjẹ kì í gbé mì dáadáa, ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ìfun rẹ̀ há, ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, àti ẹni tí ìgbẹ́ yíyà rẹ̀ ṣàdédé yí padà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ̀yin àgbà tí ojú máa ń tì láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú ọmọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ọ́. Àìsàn ìfun tó le máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn "ìgbẹ́ ò ya" nígbà mìíràn, ẹni tó bá sì ń fi isabgol tù ú lójú lè pẹ́ jù kó tó débi ìtọ́jú. Ẹ tún mọ̀ pé eruku rẹ̀ lè fa ìkọ́ àti ara yíyún fún àwọn kan. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ tó ń fa eruku yẹn símú lójoojúmọ́ ló sábà ń ṣe.

Ṣé a lè gbìn ín níbí?

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè kẹ́yìn nìyẹn, torí ọmọ àgbẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wọn. Èrò tiwa ni pé ní Kétu, Ìpóbẹ́, Àjàṣẹ́ àti gbogbo gúúsù, kí ẹ má fi owó yín dán an wò. Òjò kejì wa máa ń nà wọ oṣù kọkànlá, alẹ́ wa kì í tutù tó, ìrì wa pọ̀ láàárọ̀. Ọmọrí yẹn ò ní í dúró. Bí ibì kan bá wà tó lè gbà á, òkè lọ́hùn-ún ni, lápá Natitingou tàbí Kandi, níbi tí ọyẹ́ ti ń mú gan-an lóru tí òjò sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ṣe é níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní omi tí yóò máa bu sí oko. Lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ dà? Ẹni tó bá kórè láìní ọlọ, irúgbìn ni yóò tà, ẹlòmíràn ni yóò jẹ owó èèpo. Àwọn ará Ṣábẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nípa kájù, tó ti pẹ́ tí à ń kó o lódindi lọ sí Índíà yìí kan náà kí wọ́n tó fọ́ ọ níbẹ̀, títí ìjọba Benin fi dá a dúró ní 2024 kí àwọn ilé iṣẹ́ tiwa lè rí i fọ́.

Ní ti fibre fún ara wa, kò di dandan kó ti òkèèrè wá. Ilá, ewédú, ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọsàn tí a jẹ pẹ̀lú awọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní in. Ògì tí a jọ̀ tó mọ́ lóló àti búrẹ́dì funfun ni kò ní in, èyí tí a sì ń jẹ jù ní ìlú ńlá nìyẹn. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ wa ti padà sí ọbẹ̀ ewédú àti omi mímu láàárọ̀. Páálí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inú ife omi ńlá ni ṣá o.

Ẹni tó bá ní in nílé, kó tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tó dé pinpin. Afẹ́fẹ́ etí òkun wa ní omi nínú. Bí ẹ bá ṣí i tó ti dì bí àkàrà, ẹ dà á nù.